Orí Kẹfà: Sísọ Ògbólógbòó Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ Jí Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ilé

Ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àlòkù sábà máa ń gbà dé inú ṣọ́ọ̀bù ilé. Ó lè jẹ́ fọganáísà kan ló ta tirẹ̀ nígbà tó ra tuntun. Ó lè jẹ́ tòkunbọ̀ tó bá kọ̀ńténà wọlé. Ó sì lè jẹ́ ogún bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti fi í fín ọ̀dà sára àga àti mọ́tò nígbà kan rí. Ọ̀nà yòówù kó gbà dé, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n máa ń fi kàn án: kì í kún bọ̀rọ̀, agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, omi sì ń bá atẹ́gùn rẹ̀ jáde. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ká lọ ra mọ́tò iná tó tóbi ju tàtijọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí owó mọ́tò yẹn ṣì wà lápò ná. Nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ti dàgbà, ojú ọ̀nà ni atẹ́gùn ti ń sọnù. Fáàfù ò dé dáadáa mọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, ibi ìsopọ̀ kan ń jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí ẹni tó gbọ́ ọ. Bá a bá gbé mọ́tò ńlá lé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, á kàn máa ti atẹ́gùn gba ihò kan náà jáde ni, owó iná á sì máa gorí ara wọn. Ètò tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé táǹkì àti fáàfù séfítì rẹ̀ ló ṣáájú, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Lẹ́yìn náà, ká wọn agbára ẹ̀rọ náà, ká dí ibi tó ń jò, ká tú orí pọ́ǹpù wò. Ìgbà yẹn ló tó kan mọ́tò iná, tó bá tiẹ̀ kàn án rárá.

Táǹkì

Gbogbo ohun tó wà lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ṣeé tún ṣe. Táǹkì tó ti jẹrà nínú nìkan ni kò ní àtúnṣe. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: bí ìdérí táǹkì bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35, tí gééjì sì wà lórí 120, agbára tó ń ti ìdérí yẹn síta láti inú ju ìwúwo tọ́ọ̀nù 8 lọ. Gééjì tí mò ń wí ni èyí tí àwọn fọganáísà ń wí, ìyẹn psi tí wọ́n kọ sójú aago rẹ̀. Irin tó gba irú agbára bẹ́ẹ̀ mọ́ra kì í rọra tú tó bá fẹ́ ya. Ṣe ló máa ń bẹ́, tí irin rẹ̀ á sì máa fò káàkiri inú yàrá tẹ́ ẹ wà.

Ìdí tó fi ń jẹrà ò ṣòro láti mọ̀. Omi wà nínú atẹ́gùn tí pọ́ǹpù ń fà wọlé. Bí atẹ́gùn náà bá gbóná nínú pọ́ǹpù, tó wá tutù nínú táǹkì, omi yẹn á já bọ́ sísàlẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan á fi tú u dànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tú u. Abẹ́ ni irin ti wá ń jẹrà, níbi tí ojú kì í dé, nígbà tí ọ̀dà ara táǹkì ṣì ń dán gbinrin lókè.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná, kẹ́ ẹ tú gbogbo atẹ́gùn dànù títí gééjì á fi sọ̀ sí òdo. Ẹ gbé abọ́ funfun sábẹ́ kọ́ọ̀kì ìdí táǹkì, kẹ́ ẹ wá tú u. Bí omi tó jáde bá kàn pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ò tíì burú. Àmọ́ bó bá ki, tó pupa dúdú, tí èérún irin pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja sì ń tẹ̀ lé e, irin ti ń bó nínú nìyẹn. Bó bá funfun, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀ tá a bá dé ọ̀dọ̀ písítìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú táǹkì dé, kẹ́ ẹ fi hámà kékeré máa gbá ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ibi tí irin ṣì nípọn á dún gooro. Ibi tó ti fẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ á kú, ó sì lè jin sínú lábẹ́ hámà. Ẹ má fojú fo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ẹsẹ̀ táǹkì mọ́ ara rẹ̀, torí pé gbígbọ̀n ẹ̀rọ máa ń la irin níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà onírù gígùn tí wọ́n ń so mọ́ fóònù lè kì í bọ ihò kọ́ọ̀kì, kó fi wo inú rẹ̀. Ìpẹtà tó kàn bo ojú irin yàtọ̀ sí ihò tó ti ń jìn wọnú irin, ojú á sì rí ìyàtọ̀ náà.

Táǹkì tó bá yege níbi hámà ló kan omi. Ẹ yọ séfítì, gééjì àti ọ̀tọmátíìkì, ìyẹn súwíìṣì tó ń pa mọ́tò fúnra rẹ̀, kúrò, kẹ́ ẹ fi púlọ́ọ̀gì onírin dí ihò wọn. Ẹ rọ omi kún táǹkì dẹ́nu, kó má ku atẹ́gùn kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá yá pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀ tí àwọn pọ́ńbà fi ń dán páìpù wò, gééjì á wà lára òun fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ omi sí i títí púrẹ́ṣọ̀ á fi di ìlọ́po 1.5 èyí tí wọ́n kọ sára pélétì táǹkì. Èyí tí wọ́n kọ 145 sí, ìyẹn bar 10, ẹ gbé e dé nǹkan bíi 218. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ máa wo gééjì àti gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó. Bí gééjì bá ń sọ̀, tí omi bá là jáde níbì kankan, tàbí tí ara táǹkì bá wú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Omi la fi ń ṣe àyẹ̀wò yìí torí pé omi kì í fún pọ̀: bí táǹkì bá ya, omi á kàn tú síta ni. Ẹ má fi atẹ́gùn dán irú rẹ̀ wò láéláé.

Àwọn kan á ní kí jórin-jórin lẹ irin mọ́ ibi tó fẹ́lẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Irin tó yí ibẹ̀ ká ti fẹ́lẹ́ pẹ̀lú, iná wẹ́dìnnì á sì tún mú un ṣàárẹ̀ sí i, ibi tí yóò ya á wá sún sí ẹ̀gbẹ́ àbùlẹ̀ náà. Táǹkì tí pélétì rẹ̀ ti sọnù, tẹ́ ẹ sì rí ojú wẹ́dìnnì àfikún lára rẹ̀, ẹ má lò ó. Bákan náà ni sílíńdà gáàsì ìdáná àti sílíńdà gáàsì fíríìjì tí àwọn kan ń sọ di táǹkì. Ti fíríìjì, ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún. Irin wọn fẹ́lẹ́, kò sì sí ojú ibi tí omi lè gbà jáde ní ìdí wọn, omi á kàn máa jẹ wọ́n nínú lọ ni.

Owó táǹkì máa ń dunni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orí pọ́ǹpù àti mọ́tò yín ṣì ṣeé gbé lé táǹkì míì. Kẹ́ ẹ tó kó èyí tó ti bàjẹ́ fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù, ẹ fi dírìlì lu ihò ńlá sí i lára, kí ẹnì kan má baà tún un kùn lọ́dà, kó gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ láti máa fi fẹ́ táyà.

Ti séfítì ò gùn. Ẹ ra tuntun, ìyẹn fáàfù olóòrùka tó ń tú atẹ́gùn dànù fúnra rẹ̀ tí púrẹ́ṣọ̀ bá ga jù. Nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí ọ̀tọmátíìkì ti ń pa ẹ̀rọ lọ, kò sì gbọdọ̀ kọjá ti pélétì táǹkì. Bí táǹkì bá jẹ́ 145, tí ọ̀tọmátíìkì sì ń pa á ní 120, séfítì 135 tàbí 140 ló bá a mu. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fa òrùka rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn wà nínú táǹkì, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń tú. Ẹni tó bá fi bóòtù dí ihò séfítì torí pé ó ń jò ti sọ táǹkì rẹ̀ di bọ́ǹbù.

Ká wọ̀n ọ́n ká tó tú u

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan orí pọ́ǹpù, ẹ mọ iye atẹ́gùn tó ń wọ táǹkì ní ìṣẹ́jú kan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá àtúnṣe yín wúlò. Ẹ jẹ́ kí gééjì wà lórí 90, ẹ tan ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà á kó tó dé 120. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 30. Ẹ fi 14.7, tí í ṣe púrẹ́ṣọ̀ atẹ́gùn tó yí wa ká, pín 30 yẹn, ẹ óò rí 2.04. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye lítà táǹkì: táǹkì lítà 100 á fún yín ní lítà 204. Bó bá gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 75, á jẹ́ pé lítà 163 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Lára ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá, cfm ni wọ́n fi ń kà á, cfm 1 sì jẹ́ lítà 28.3, èyí tí a rí yìí á wá jẹ́ nǹkan bíi cfm 5.8. Ìmọ̀ tí Robert Boyle tẹ̀ jáde lọ́dún 1662 ni ìṣirò yìí dúró lé: bí àyè tí a há atẹ́gùn mọ́ bá ṣe ń kéré sí i ni púrẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ń ga sí i.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye náà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ó kéré sí ohun tí wọ́n kọ sára pélétì ẹ̀rọ, torí pé àyè tí písítìn ń gbá ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe atẹ́gùn tó dé inú táǹkì gan-an.

Iye yìí náà ló máa sọ ohun tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín lè ṣe. Ìbọn ìṣó tí àwọn káfíńtà ń lò kì í jẹ atẹ́gùn púpọ̀, torí pé ó ń sinmi láàárín ìṣó kan sí èkejì. Ìbọn ìfín ọ̀dà kì í sinmi. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé tiyín. Bí tiyín bá kéré jù, táǹkì kejì tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọn ò ní mú kí atẹ́gùn pọ̀ sí i. Yóò kàn jẹ́ kẹ́ ẹ lè fín díẹ̀ sí i kí gééjì tó sọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni pọ́ǹpù á wá ṣiṣẹ́ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó tún kún, tí á sì máa gbóná. Mo rí i pé àwọn èèyàn ń náwó sórí táǹkì kejì nígbà tó jẹ́ pé ewé fáàfù tí kò tó nǹkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ohùn tó ń jáde lábẹ́ ọ̀tọmátíìkì

Ẹ̀kọ́ tó wà níbí lè gba owó mọ́tò odindi lọ́wọ́ ìnáwó. Ọ̀tọmátíìkì ni súwíìṣì tó ń pa mọ́tò tí táǹkì bá kún, tó sì tún ń tan án tó bá ti lọ sílẹ̀. Tó bá pa á, ẹ óò gbọ́ ohùn kan lábẹ́ rẹ̀, ṣíì, fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, á sì dákẹ́. Atẹ́gùn tó há sínú páìpù tó wà láàárín pọ́ǹpù àti táǹkì ni ọ̀tọmátíìkì tú dànù yẹn, kó lè jẹ́ pé nígbà tí mọ́tò bá tún fẹ́ gbéra, kò ní sí ẹrù lórí písítìn. Ohun tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn inú táǹkì fúnra rẹ̀ bá ibẹ̀ jáde ni fáàfù kékeré kan tó wà níbi tí páìpù yẹn ti wọ táǹkì. Ìwọlé ló mọ̀, kò mọ ìjáde. Adènà ni mo máa pè é.

Bí ohùn yẹn ò bá dákẹ́, tó ń ṣíì títí ìṣẹ́jú fi ń kọjá, adènà ló ti bàjẹ́: atẹ́gùn táǹkì ń padà sẹ́yìn, ó sì ń gba ẹnu ọ̀tọmátíìkì jáde. Bí ẹ ò bá gbọ́ ohùn kankan rárá, ẹnu kékeré abẹ́ ọ̀tọmátíìkì ló ti há. Nígbà náà, mọ́tò á máa kùn hùùù tó bá fẹ́ gbéra, kò ní lè yí, iná á já tàbí kí mọ́tò jó. Àwọn kan á wo èyí, wọ́n á ní mọ́tò ti rẹ̀. Wọ́n á ra tuntun, òun náà á sì tún máa kùn.

Kẹ́ ẹ tó tú adènà, ẹ rí i dájú pé gééjì wà ní òdo. Àwo rọ́bà tàbí táfúlọ́ọ̀nù róbótó kan àti sípíríǹgì kékeré ló wà nínú rẹ̀. Èédú tó ń bá atẹ́gùn gbígbóná bọ̀ láti orí pọ́ǹpù máa ń lẹ̀ mọ́ ojú àwo yẹn, kì í sì í jẹ́ kó jókòó dáadáa. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Bí àwo náà bá ti le gbagidi, tí ojú rẹ̀ sì ti la, ẹ pààrọ̀ gbogbo fáàfù náà. Kò wọ́n, ó sì wà lọ́jà Ládípọ̀ ní Mushin àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́.

Fún àwọn ibi yòókù tó ń jò, ẹ fọ́n ẹ̀rọ náà kún dé 120 lálẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kẹ́ ẹ wo gééjì láàárọ̀. Bó bá ti sọ̀ púpọ̀, ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo ojú ìsopọ̀, yíká kọ́ọ̀kì, àti ìdí gééjì fúnra rẹ̀. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú, ẹ tú u, ẹ wé tépù funfun mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta síbi tí nọ́ọ̀tì ń yí sí, kẹ́ ẹ dè é padà.

Orí pọ́ǹpù

Bí táǹkì ò bá jò mọ́, tí iye tẹ́ ẹ kọ sára ògiri sì ṣì kéré, orí pọ́ǹpù ló kù. Abẹ́ ìdérí rẹ̀ ni ẹ óò ti rí pélétì fáàfù, tí ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà lójú òkè àti ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé nígbà tí písítìn bá ń sọ̀ kalẹ̀, èkejì ń jẹ́ kó jáde nígbà tó bá ń gòkè. Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ fi fóònù ya bí gbogbo rẹ̀ ṣe tò, torí pé bẹ́ ẹ bá dojú ewé kan kọ ibi tí kò yẹ, ẹ̀rọ á máa yí lásán.

Lára ewé ìjáde, ẹ óò rí èédú dúdú tó ti dì. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tí ewé ń jókòó sí, ìlà tín-ín-rín tí ọ̀bẹ bá fà síbẹ̀ á di ojú ọ̀nà fún atẹ́gùn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì mọ́jú, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ṣíṣan fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ sáńpépà nọ́ńbà 400 mọ́ orí gíláàsì tó nípọn, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa fi pélétì náà rìn lórí rẹ̀ ní ìrísí nọ́ńbà 8 títí ojú rẹ̀ á fi dán bákan náà jákèjádò. Ẹ fi 600 parí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti to ewé padà, ẹ bu kẹrosíìnì sójú ihò kọ̀ọ̀kan, sí ojú tí ewé dé ihò náà mọ́, kẹ́ ẹ dúró wò ó. Bí kò bá là kọjá sódì kejì, ó ti dé. Bó bá ń kán tó, ẹ padà sídìí gíláàsì, tàbí kẹ́ ẹ ra ewé tuntun tí èyí bá ti tẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun gbọ́dọ̀ nípọn bíi tàtijọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá nípọn jù, àyè tó kù lókè písítìn á pọ̀, atẹ́gùn tí kò jáde níbẹ̀ á tún fẹ̀ padà nígbà tí písítìn bá ń sọ̀, kò sì ní jẹ́ kí tuntun wọlé tó. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, písítìn lè kan pélétì. Ẹ má fi páálí dípò rẹ̀. Àgbélébùú ni kẹ́ ẹ fi máa de bóòtù orí, ní ìpele mẹ́ta, kó má baà há lápá kan. Bó bá ti ṣiṣẹ́, tó gbóná, tó sì tún tutù pátápátá, ẹ tún un dè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Omi funfun tó ń yọ̀ tá a rí nínú abọ́ ńkọ́? Bí kì í bá ṣe pé wọ́n rọ ọ́ìlì kọjá ìlà, ríìngì písítìn ló ti jẹ. Ẹ tú ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́: bí atẹ́gùn bá ń tì jáde níbẹ̀ gbùgbù, ríìngì ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò kọ́ ni kẹ́ ẹ rọ padà. Wọ́n ti po kẹ́míkà tó ń gbé ìdọ̀tí mọ́ra sínú ìyẹn torí pé mọ́tò ní fítà tó ń sẹ́ ẹ; pọ́ǹpù kékeré ò ní fítà ọ́ìlì, ìdọ̀tí náà á kàn máa yí ká inú rẹ̀ ni. Ọ́ìlì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nọ́ńbà 30 tí kò ní kẹ́míkà yẹn nínú lẹ máa béèrè.

Fítà atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹni tó ń fi pákó ṣiṣẹ́ tàbí tó ń fín ọ̀dà nínú yàrá kan náà, kó fa páìpù ìfàmu náà gba ara ògiri síta, kí páìpù náà sì fẹ̀ ju ẹnu pọ́ǹpù lọ tó bá gùn. Èéfín ọ̀dà ò gbọdọ̀ wọ pọ́ǹpù.

Mọ́tò iná àti púlì

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tún fi aago wọ̀n ọ́n. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má nílò mọ́tò mọ́. Bẹ́ ẹ bá ṣì nílò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka pélétì tàtijọ́. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230, hertz 50. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ fóòtì 120, hertz 60. Èyí tó ti Ìlú Ọba wá sábà bá tiwa mu, ṣùgbọ́n bí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá jẹ́ yẹ́lò, fóòtì 110 tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ ìkọ́lé lọ́hùn-ún ni. Tàráńsífọ́mà lè rẹ fóòtì sílẹ̀, kò lè yí hertz padà. Mọ́tò hertz 60 tó bá ń jẹ iná hertz 50 á fi ìdá kan nínú mẹ́fà dín eré rẹ̀ kù, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Irú rẹ̀ gan-an ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ láìjáfara.

Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ mọ́tò, ẹ má gbàgbé púlì. Eré mọ́tò ní ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ púlì rẹ̀, tẹ́ ẹ sì fi fífẹ̀ kẹ̀kẹ́ pọ́ǹpù pín in, ló máa fún yín ní eré pọ́ǹpù. Mọ́tò tó ń yí ní ìgbà 2850, tí púlì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3, tí kẹ̀kẹ́ pọ́ǹpù sì jẹ́ íǹṣì 10, ń fún pọ́ǹpù ní 855. Bẹ́ ẹ bá wá gbé mọ́tò tó ń yí ní 1440 síbẹ̀, ó máa gba púlì íǹṣì 6 kí eré pọ́ǹpù tó dúró síbi tó wà. Ẹ má fi púlì ńlá sá pọ́ǹpù kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sílẹ̀. Ooru á jó ewé fáàfù, ọ́ìlì ò sì ní bá a mọ́. Ẹ tún wo ọfà tó wà lára kẹ̀kẹ́ pọ́ǹpù. Apá kẹ̀kẹ́ yẹn ni fáànù tó ń fẹ́ orí pọ́ǹpù, bó bá ń yí sódì, orí á máa gbóná láìsí ẹni tó mọ ìdí. Kí fánbẹ́ẹ̀tì tẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì íǹṣì tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́ láàárín, kẹ́ ẹ sì dá ìdáàbòbò rẹ̀ padà sórí rẹ̀.

Mọ́tò ẹṣin 2 ń jẹ nǹkan bíi áńpì 9 sí 10 tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré táwọn èèyàn ń pè ní I better pass my neighbour ò fi lè gbé e. Bí iná NẸ́PÀ bá rẹlẹ̀ tó fóòtì 180, ẹ pa á. Wáyà rẹ̀ kó má dín ní mm² 2.5, kó ní áàtì, kó sì ní bérékà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ibi iṣẹ́ bá jìn sí ibi tí iná wà, ẹ fa họ́ọ̀sì gùn, ẹ má fa wáyà gùn. Kàpásítọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò máa ń di iná mú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi wáyà méjì tó wà lára gílóòbù kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Omi

Ẹni tó ń fín ọ̀dà ló mọ ìyà tí omi fi ń jẹni: ojú ọ̀dà á yọ ihò kéékèèké, gbogbo iṣẹ́ á sì di àtúnhá. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Nínú ooru ìwọ̀n 30, atẹ́gùn tó kún bámúbámú fún ọ̀rinrin ní omi gíráàmù 30 nínú mítà oníhà mẹ́ta kan. Ká ní tiyín jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìyẹn. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lítà 163 tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan á fa omi bíi gíráàmù 235 wọlé. Bí atẹ́gùn náà bá fún pọ̀ dé 120, tó sì tutù padà, èyí tó ṣì lè gbé mọ́ra ò ju nǹkan bí 32 lọ. Èyí tó kù ju gíráàmù 200 lọ, ó sún mọ́ ìdajì ọ̀rá pure water kan, ó sì gbọ́dọ̀ já bọ́ síbì kan.

Ẹ jẹ́ kó já bọ́ kó tó dé táǹkì. Ẹ ra páìpù kọ́pà íǹṣì 1/2 lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, nǹkan bíi mítà 6, kẹ́ ẹ wé e ní òrùka-òrùka síwájú kẹ̀kẹ́ pọ́ǹpù níbi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ á ti máa gbá a. Ẹ fi ìkòkò kékeré tó ní kọ́ọ̀kì sí ìdí rẹ̀ láti gba omi, kó tó wá wọ adènà. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ onírin tó gba púrẹ́ṣọ̀ táǹkì. Ẹ má fi léèdì jó ojú ìsopọ̀ tó sún mọ́ orí pọ́ǹpù, torí pé ooru ibẹ̀ lè yọ́ ọ; ọ̀pá fàdákà tí àwọn oníṣẹ́ amúlétutù ń lò ló yẹ ẹ́. Ẹ fi rọ́bà tì í níbi tẹ́ ẹ bá ti dè é mọ́ra, kí gbígbọ̀n má baà ṣẹ́ ẹ. Ohùn abẹ́ ọ̀tọmátíìkì á wá pẹ́ ju tàtijọ́ lọ díẹ̀, torí pé atẹ́gùn inú páìpù ti pọ̀ sí i. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé adènà bàjẹ́, bó bá ṣáà ti dákẹ́.

Kọ́ọ̀kì ìdí táǹkì sábà máa ń ṣòro dé, ìdí tí wọn kì í fi í tú u nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi gọ́tà kékeré gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ fi táàpù ọlọ́wọ́ kan tó gba púrẹ́ṣọ̀ sí ẹnu rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti ń dé ibẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀, omi á máa jáde lójoojúmọ́.

Páìpù àti họ́ọ̀sì

Páìpù PVC omi ò gbọdọ̀ gbé atẹ́gùn yípo ṣọ́ọ̀bù, bó ti wù kó rọ̀ yín lọ́rùn tó, kódà bí wọ́n bá kọ púrẹ́ṣọ̀ tó ga sára rẹ̀. Púrẹ́ṣọ̀ omi ni wọ́n kọ yẹn. Bó bá fọ́ nígbà tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, á fọ́n ká wẹ́wẹ́, á sì máa gúnni lójú àti lára. Páìpù onírin tàbí kọ́pà lẹ máa lò. Ẹ jẹ́ kó dà díẹ̀ sí apá kan, kí ẹnu kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fà kúrò lára rẹ̀ gba orí rẹ̀ jáde kó tó sọ̀ kalẹ̀, kí omi tó bá wà nísàlẹ̀ má bàa tẹ̀ lé e. Fítà omi àti ẹ̀rọ tó ń dín púrẹ́ṣọ̀ kù, ọ̀dọ̀ ibi iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé wọn sí, kí wọ́n jìn sí pọ́ǹpù, torí pé atẹ́gùn tó ṣì gbóná á gbé omi rẹ̀ kọjá lójú fítà.

Ẹ so gééjì kékeré mọ́ ìdí ìbọn, kẹ́ ẹ tẹ ìbọn náà mú. Bí gééjì yẹn bá fi ju 10 lọ rẹlẹ̀ sí èyí tó wà lára ẹ̀rọ tó ń dín púrẹ́ṣọ̀ kù, họ́ọ̀sì tàbí ẹnu ìsopọ̀ rẹ̀ ló há jù. Ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì íǹṣì 1/4 sí 3/8, kẹ́ ẹ ra ẹnu ìsopọ̀ tó bá a mu, kẹ́ ẹ tún tẹ ìbọn wò.